Ọmọ mẹ́ta, kẹ̀kẹ́ kan àti ẹ̀yìnkùlé: kí la lè ṣe kí ilé ìwé tó wọlé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ìlíṣàn-Rẹ́mọ là ń gbé. Àwọn ọmọ mi mẹ́ta ti gba họ́lídé, ọmọ ọdún 12, 9 àti 6. Fóònù ni wọ́n ń tẹ̀ àtàárọ̀ dalẹ́. Ilẹ̀ díẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé wa, àbúrò ọkọ mi sì fún wọn ní kẹ̀kẹ́ ológeere kan. Kí la lè gbìn tí wọ́n á rí jẹ kí wọ́n tó wọlé? Èyí àgbà tún fẹ́ máa gun kẹ̀kẹ́ lọ kí ìyá àgbà n'Íkẹ́nnẹ́. Bàbá wọn ní oko ríro kì í ṣe ìsinmi, pé ìyà ni.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ìyá wa. Ọ̀rọ̀ bàbá wọn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, torí òótọ́ wà níbẹ̀. Ọmọ tó bá pẹ́ dé ilé ìwé, koríko ni wọ́n ń ní kó gé. Èyí tó bá pariwo ní kíláàsì, oko ni. Bí ọmọ bá ti mọ ọkọ́ àti àdá mọ́ ìyà, ilẹ̀ ò lè wù ú mọ́. Nítorí náà, ẹ má fi ẹ̀yìnkùlé yẹn jẹ ẹnikẹ́ni níyà láéláé. Kí ẹ̀yin náà bá wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí bàbá wọn náà bẹ̀rẹ̀, ààbọ̀ wákàtí láàárọ̀ ti tó. N'Íkẹ́nnẹ́ tí ìyá àgbà wà yẹn náà ni Tai Solarin ti dá Mayflower School sílẹ̀ ní 1956, nígbà ayé rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ máa ń fọwọ́ ara wọn gbin nínú ohun tí wọ́n ń jẹ.

Họ́lídé ò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méje lọ, ẹ fi ata sílẹ̀. Ilá náà á tó nǹkan bí oṣù méjì. Tẹ̀tẹ̀ àti ewédú ni kí ẹ gbìn: tẹ̀tẹ̀ ṣeé já lọ́sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ewédú lọ́sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà.

Ẹ kọ ebè pẹlẹbẹ kan tó fẹ̀ tó mítà kan, tó gùn tó mítà mẹ́ta, kí ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà lè dé àárín rẹ̀ láì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ pín in sí mẹ́ta, kí oníkálukú ní tirẹ̀. Kó jìnnà sí ṣáláńgá àti ibi tí wọ́n bá ti da ọ́ìlì ọkọ̀ tàbí bátìrì nù rí. Ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni kí ẹ pò mọ́ ilẹ̀, èyí tó tutù á jó ewé.

Kóró ewédú máa ń ya ọ̀lẹ láti hù. Ẹ dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́, ẹ rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná, kí àwọn ọmọ ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá, kí ẹ yọ ọ́ sínú omi tútù. Ẹ̀yin ni kí ẹ mú aṣọ náà dání, àwọn ni kó kà. Kóró tẹ̀tẹ̀ kéré púpọ̀, ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kó má baà hù jọ sójú kan.

Òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ lóṣù Kẹjọ. Kí ìkùukùu má tàn yín jẹ: ẹ lu ihò sí ìdí agolo, kí wọ́n máa fi bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, àfi bí òjò bá rọ̀.

Ewúrẹ́ ni ọ̀tá tí mo bẹ̀rù jù fún yín. Mo ti rí ibi tó ti jẹ iṣẹ́ oṣù kan tán kí wọ́n tó parí oúnjẹ àárọ̀, ẹkún tí àwọn ọmọ náà sun ò ṣeé gbọ́. Ẹ fi màrìwò ọ̀pẹ àti igi ṣe ọgbà yí i ká ní ọjọ́ tí ẹ bá gbìn ín, ẹ má dúró di ọ̀la.

Ó ku ti kẹ̀kẹ́. Fún èyí tí kò tíì mọ̀ ọ́n gùn, ẹ rẹ ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀ kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì lè kanlẹ̀, kí ẹ tú pẹ́dà méjèèjì kúrò. Ti apá òsì kì í tú bíi nọ́ọ̀tì yòókù, òdìkejì ni wọ́n ń yí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti fi agbára bà á jẹ́. Kó máa fi ẹsẹ̀ tilẹ̀ lórí pápá ilé ìwé tó ṣófo, bó bá ti lè gbẹ́sẹ̀ méjèèjì sókè kó máà ṣubú, ẹ dá pẹ́dà padà. Kí wọ́n wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, kí wọ́n dé akoto, kí síkẹ́ẹ̀tì gígùn má sún mọ́ ṣéènì. Kí wọ́n tẹ bíréèkì wò kí wọ́n tó gùn ún.

Èyí àgbà kò gbọdọ̀ dá gùn ún lọ sí Ìkẹ́nnẹ́. Ojú ọ̀nà ọlọ́kọ̀ ni, ọmọ ọdún méjìlá ni. Ládùúgbò yín pẹ̀lú, apá ọ̀tún ni kó máa gbà, bíi ti ọkọ̀. Kò gbọdọ̀ kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀ bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Bí ẹ bá ń lọ kí ìyá àgbà, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ náà sínú búùtù ọkọ̀, kó gùn ún nínú àgbàlá níbẹ̀, kó sì gbé ewédú àkọ́já dání fún wọn.

Bí ẹ bá ń já ewédú, ẹ fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, á tún rú. Nígbà tí wọ́n bá sì wọlé, ẹ má hú gbogbo rẹ̀. Ẹ fi igi méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ kó so, kí èso rẹ̀ gbẹ lórí igi, kí ọmọ ọdún mẹ́fà yẹn gbọn kóró rẹ̀ sínú ìgò tó gbẹ, kó dé e. Ẹ bá a kọ orúkọ rẹ̀ sára ìgò náà, òun ni ẹ máa gbìn lọ́dún tó ń bọ̀.