Ojú ṣíṣẹ́ lemọ́lemọ́: ohun tí ojú mi rí

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ẹ ní Táíwò, ọmọ ọdún 6, ti ń ṣẹ́jú lemọ́lemọ́ láti bí oṣù 2, bàbá rẹ̀ sì ní àṣàkaṣà ni, kí ẹ nà án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà án. Èmi na ọmọ tèmi nígbà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó ń dùn mí dòní.

Ní Lágere, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, la wà nígbà náà. Ọyẹ́ ti mú, mo ní eruku ni. Mo ra oògùn ojú ní kẹ́mísì, mo kán an títí, pàbó ló já sí. Dókítà ojú yẹ̀ ẹ́ wò: ojú mọ́, kò sì nílò awò. (Ọ̀dọ̀ tiwọn náà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ o. Ojú tó ń yún ọmọ, tàbí tí kò ríran dáadáa, lè fà á.)

Lálẹ́ ọjọ́ kan tó ti sùn, mo tan tọ́ọ̀ṣì wò ó. Ìpéǹpéjú rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo ní kó dá a dúró fún mi. Ó dì í mú, ó fún ẹnu pọ̀, mi ò tíì kà dé 20 tó fi tú u sílẹ̀, ó wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní, "Màámi, ó ń ṣe mí bí ìgbà tí mo bá fẹ́ sín ni." Torí pé ó lè dì í mú ni mo ṣe rò pé ó mọ̀-ọ́n-mọ̀.

Nígbà tó yá, ojú dákẹ́. Mo dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì! Kò pẹ́, èjìká bẹ̀rẹ̀ sí í sọ sókè, ó tún ń ṣe "hùn-ùn, hùn-ùn" bí ẹni tí eegun ẹja há lọ́fun. Tíṣà rẹ̀ lé e jáde ní kíláàsì.

Dókítà ọmọdé ní OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì Ifẹ̀, ló sọ pé tic ni, ìyẹn kí ẹ̀yà ara máa mira tàbí kí ohùn máa jáde lemọ́lemọ́ láìjẹ́ pé ọmọ mọ̀-ọ́n-mọ̀. Ọdún 5 sí 7 ló sábà ń bẹ̀rẹ̀, ojú ló sì máa ń kọ́kọ́ mú. Tó bá mú ibi tó ju ẹyọ kan lára, tí ohùn wà níbẹ̀, tó sì ti lé ní ọdún 1, Tourette ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ ló máa ń le jù ní nǹkan bí ọdún 10 sí 12, kó tó rọlẹ̀. Dókítà náà kò kọ oògùn kankan fún un. Ó ní ká ṣe bí ẹni tí kò rí i, kí a má fi oorun dù ú. Ìyá ọkọ mi ni ìyẹn nira fún jù.

Ṣùgbọ́n bó bá ranjú kalẹ̀, tí ẹ pè é tí kò gbọ́, ẹ má fi falẹ̀, ó lè jẹ́ wárápá.

Ẹ fi fóònù ká a sílẹ̀ kí ẹ tó lọ. Tèmi jókòó síwájú dókítà, kò ṣẹ́jú rárá ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹnu géètì la dé tó fi bẹ̀rẹ̀.