Ṣé kí n ṣì máa fún wàrà lára màlúù tó kù díẹ̀ kó bímọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ìsẹ́yìn ni mo wà, wàràkàṣì ni mò ń ṣe tà. Mo ní màlúù kan tó jẹ́ àdàlù Friesian, ìyẹn màlúù òyìnbó tó ń fún wàrà púpọ̀, àti ti Fúlàní, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi fún un lóyún, mo kọ ọjọ́ ẹ̀ sílẹ̀, ó ku bíi ọjọ́ 70 kó bí, ó ṣì ń fún mi ní lítà 4 lójúmọ́. Ọmọ Fúlàní tó ń bá mi dà á ní kí n má dáwọ́ dúró, ìgbà tó bá gbẹ náà ló gbẹ. Èkejì ò tíì bímọ rí, ọ̀sẹ̀ yìí ló máa bí, ọmú ẹ̀ ti wú le, ó ti ń kán, wọ́n ní tí mo bá ń fún un kó tó bí, wàrà ẹ̀ máa pọ̀ sí i. Ṣé òótọ́ ni? Ìyá Oníwàrà.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú làálàá, mà. Ti àkọ́kọ́ yẹn, tó bá ti ku ọjọ́ 60, ẹ dáwọ́ dúró. Ọmọ tó ń bá yín dà á ò parọ́, ohun tó mọ̀ ló sọ. Màlúù inú gáà máa ń gbẹ fúnra ẹ̀, ọmú ẹ̀ á ti sinmi tipẹ́ kó tó bí òmíì. Ṣùgbọ́n èyí tó ní ẹ̀jẹ̀ Friesian lára lè máa ṣe wàrà títí dọjọ́ ìbímọ téèyàn ò bá dá a dúró, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, torí àwọn ṣẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe wàrà nínú ọmú máa ń gbó, ìgbà tí ọmú bá sinmi ni tuntun máa ń rọ́pò wọn. Màlúù tí ò sinmi rárá, wàrà ẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ lè fi bí ìdá kan nínú márùn-ún dín. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀: ká ní ó máa ń fún yín ní lítà 8 lójúmọ́ fún ọjọ́ 300, lítà 2,400 nìyẹn, ìdá kan nínú márùn-ún ẹ̀ jẹ́ 480. Lítà 4 lójúmọ́ fún ọjọ́ 60 tẹ́ ẹ ń wò yẹn, 240 péré ni.

Ẹ yọ fíìdì kúrò lọ́jọ́ díẹ̀ ṣáájú, koríko gbígbẹ ni kẹ́ ẹ fún un, àmọ́ omi ò gbọdọ̀ tán níwájú ẹ̀ o, àwọn tó ń fi òǹgbẹ gbẹ ẹran ń hùwà ìkà, inú oòrùn wa yìí ó lè pa á. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ẹ fún gbogbo ẹ̀ tán, kí dókítà ẹran fi oògùn sí ojú ọmú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lẹ́yìn náà ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Ó máa wú fọ́jọ́ díẹ̀, ìwú yẹn gan-an ló ń sọ fún ara ẹ̀ pé kó dáwọ́ dúró, tẹ́ ẹ bá ń fún un díẹ̀díẹ̀ torí àánú, kò ní gbẹ. Tó bá gbóná, tó pọ́n, tó ń dùn ún, ẹ tètè pe dókítà.

Ti èyí tí ò tíì bí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un. Ọmú wíwú wọ́pọ̀ lára màlúù tó fẹ́ bímọ fún ìgbà àkọ́kọ́, èmi ò ní torí pé mo fẹ́ kí wàrà pọ̀ kí n fọwọ́ kàn án. Wàrà àkọ́kọ́ tó nípọn, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú yẹn, inú ẹ̀ ni ohun tó ń gbógun ti àìsàn wà, ọmọ màlúù ò sì rí i gbà nínú oyún bíi tọmọ èèyàn. Tẹ́ ẹ bá ti fún un dà nù, kí lọmọ máa mu? Ìfun ẹ̀ ò sì ní lè gbà á mọ́ tó bá ti tó wákàtí 24 tí wọ́n ti bí i. Ẹ dín iyọ̀ ẹ̀ kù, kó máa rìn kiri.

Àfi tí ọmú bá wú débi tó fẹ́ já, tí dókítà sì ní kẹ́ ẹ fún un. Nígbà yẹn, wàrà àkọ́kọ́ tó bá jáde, inú fírísà ni, ẹ má tà á, ẹ má fi ṣe wàràkàṣì. Lọ́jọ́ tó bá bí, inú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kẹ́ ẹ ti yọ́ ọ, kì í ṣe orí iná, kí ọmọ náà mu bíi lítà 3 kó tó pé wákàtí mẹ́fà.