Bí ohùn òkè ṣe ń jáde lórí trumpet

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo ń fọn trumpet nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ní Abẹ́òkúta. Ohùn mi já gaara títí dé soh tí ó jókòó lórí ìlà karùn-ún, ṣùgbọ́n bí mo bá ti fẹ́ gun doh òkè, atẹ́gùn lásán ni yóò máa jáde, ètè mi yóò sì wú di ọjọ́ kejì. Àwọn kan ní kí n máa tẹ fèrè mọ́ ẹnu dáadáa, àwọn mìíràn ní kí n lọ ra ẹnu fèrè tí ó kéré. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu, ẹ má sì tíì náwó sí ẹnu fèrè tuntun. Ohun méjì ni ó ń gbé ohùn trumpet lọ sókè: bí atẹ́gùn ṣe ń yára kọjá láàárín ètè méjèèjì, àti bí ihò tí ẹ fi sílẹ̀ fún un ṣe kéré tó. (Gbogbo doh àti soh tí mo bá dárúkọ níbí, ti fèrè ni, kì í ṣe ti kíì tí ẹgbẹ́ akọrin ń kọ.)

Ètè tí ń gbọ̀n ni ó ń mú fèrè dún. Bí ẹ bá fọn doh àárín, ètè yín ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 466 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan; doh òkè tí ẹ ń wá ń fẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀, ìyẹn 932. Ètè tí a fi irin há mọ́ eyín kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò ní ráàyè ṣàn dé ibẹ̀ mọ́, yóò sì kú tipiri. Lóòótọ́, títẹ̀ mọ́ ẹnu a máa mú ohùn kan tàbí méjì wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi gbà á gbọ́. Louis Armstrong, gbajúmọ̀ afọn trumpet jáàsì ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Satchmo, fọn ohùn òkè lálaalẹ́ títí ètè rẹ̀ fi bàjẹ́ lẹ́yìn ọdún 1930, tí ó fi ní láti gbé fèrè sílẹ̀ fún ìgbà kan. Orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ yẹn ni àwọn dókítà fi ń pe ìfàya iṣan ètè lára àwọn afọnfèrè títí di òní.

Kí ẹ lè mọ bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tó, ẹ dúró níwájú dígí lẹ́yìn tí ẹ bá fọn ohùn òkè, kí ẹ wo ètè yín. Àmì róbótó tí ó ń pòórá kò burú, ṣùgbọ́n bí ó bá jìn, tí ó pọ́n, tí ó sì wà níbẹ̀ títí ìsìn fi parí, apá yín ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí ó yẹ kí atẹ́gùn ṣe. Ẹ yọ ìka kékeré ọwọ́ ọ̀tún kúrò nínú ìkọ́ tí wọ́n jó mọ́ ara fèrè, nítorí ìkọ́ yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń fa fèrè mọ́ra láìfura.

Ó ku ahọ́n. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ síwájú ẹnu, kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i bí ẹni tí ó fẹ́ pe "àà", kí ẹ sì yí i sí "íì" láìdá èémí dúró. Ẹ ó rí i pé èkejì tín-ín-rín, ó tutù, ó sì yára, nítorí pé ẹ̀yìn ahọ́n ti gbéra, ọ̀nà sì ti há. Ẹni tí ó bá ti fẹ́ná nídìí ààrò rí mọ̀ pé a kì í ya ẹnu fẹ́ ẹyín iná. Igun ẹnu méjèèjì ni kí ó le, kí àárín ètè rọ̀. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín sí fèrè, nítorí pé ẹ̀rín a máa na ètè, ohùn a sì máa han gooro.

Láìtẹ bọ́tìnnì kankan, fèrè yín ń fúnni ní doh ìsàlẹ̀, soh, doh, me, soh, àti doh òkè. Àlàfo wọn gbòòrò nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ ti ń gòkè ni wọ́n ń sún mọ́ra, débi pé ohùn mìíràn tí kò bá ìró yòókù mu dáadáa tún fara pamọ́ sáàárín soh yín àti doh òkè. Bí ètè bá ṣìnà díẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ ó bọ́ sí. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu kọ ohùn tí ẹ ń wá kí ẹ tó fọn ún.

Iṣẹ́ tí mo máa ń fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ni kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, níbi tí ọ̀pá fèrè ti gùn jù, kí wọ́n máa yọ́ láti ohùn kan bọ́ sí èkejì láìfi ahọ́n gé e, lẹ́yìn náà kí wọ́n máa tú bọ́tìnnì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi dé aláìtẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni kí ẹ ṣe é. Iye àkókò tí ẹ bá fi fọn ni kí ẹ fi sinmi, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ sì sàn ju wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ Sátidé lọ. Ohùn tí kò bá wá àfi pẹ̀lú ipá, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Oṣù ni a fi ń ka irú nǹkan báyìí, kì í ṣe ọ̀sẹ̀. Bí ojú bá ń ṣú yín, ẹ jókòó. Ẹni tí ó bá sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí glaucoma (àrùn ojú tí ń ba ìríran jẹ́), kí ó rí dókítà kí ó tó máa gun òkè.

Ká sọ òtítọ́, orin inú ìwé orin kì í sábà béèrè ju soh tí ẹ ti ní yìí lọ. Ní àsìkò ìyìn, nígbà tí ìlù àti gìtá bá bo afọnfèrè mọ́lẹ̀, ni ó máa ń sá lọ sókè kí wọ́n lè gbọ́ ọ. Ẹ ní kí ẹni tí ń bójú tó ẹ̀rọ sún maikirofóònù mọ́ yín.

Ní ti ẹnu fèrè, ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní 7C, tí ó sábà máa ń bá trumpet akẹ́kọ̀ọ́ wá, tó yín lò. Èyí tí kò jìn a máa mú òkè rọrùn díẹ̀, ṣùgbọ́n a máa sọ ohùn di tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì lè fi ohùn tí ètè kò tíì mọ̀ kún un. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kankan, ẹ wo kọ́ọ̀kì kékeré tí ó dí ihò tí a fi ń da itọ́ nù. Bí ó bá ti jẹ, atẹ́gùn yín ń jò, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọn yóò sì fi pààrọ̀ rẹ̀.