Òkè tí ojú rí, òkè tí ẹsẹ̀ gùn: láti Kétu dé Kpalimé lórí kẹ̀kẹ́

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní Kétu, ní Bẹ̀nẹ̀ níhìn-ín, kẹ̀kẹ́ ni mo sì ń gùn lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Nínú ìsinmi ọdún tó ń bọ̀, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ibi tí òkè wà gan-an. Natitingou, lókè àríwá Bẹ̀nẹ̀, ló wà lọ́kàn wa, a sì ti pín ọ̀nà náà sí kìlómítà 100 lójúmọ́. Ṣé ètò yìí dára? Kí ni ká mú dání?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ kú ìmúra. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ Natitingou kúrò lọ́nà, torí ibẹ̀ ni mi ò ti fara mọ́ yín. Ní oṣù Karùn-ún 2019, wọ́n jí àlejò méjì gbé ní Pendjari, igbó ẹranko tó wà lápá ibẹ̀, wọ́n sì pa ẹni tó ń mú wọn kiri. Ìkọlù mìíràn ti wáyé lẹ́yìn ìyẹn ní Atakora, ẹkùn tí Natitingou wà. Ẹni tó wà nínú mọ́tò á sáré kọjá, ṣùgbọ́n títì ni ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ máa wà látàárọ̀ dalẹ́. Mi ò mú ẹnikẹ́ni gba apá ibẹ̀ mọ́. Òkè tí ẹ sì ń wá, ìwọ̀ oòrùn ló wà, ní Tógò, lágbègbè Kpalimé. Mítà 986 ni Òkè Agou níbẹ̀. Òkè Sokbaro tí àwa fi ń yangàn ní Bẹ̀nẹ̀ kò ju 658 lọ.

Ọ̀nà tí màá gbà rèé: Kétu sí Ṣábẹ̀ẹ́, kí ẹ yà sí Glazoué àti Ìdáàṣà, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí Bohicon àti Abomey, kí ẹ gba Azovè àti Aplahoué dé bodè, kí ẹ sọdá sí Tohoun, lẹ́yìn náà Notsé, Atakpamé, Kpalimé. Ẹ máa sọ pé ọ̀nà wà láti Kétu gba Covè já sí Bohicon tààrà. Ó wà lóòótọ́. Àmọ́ mo fẹ́ kí ẹ fi Ṣábẹ̀ẹ́ dán ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ wò nígbà tí ilé ò tíì jìnnà, níbi tí ẹ ti lè fi èdè yín bẹ ẹnikẹ́ni. Iyán ibẹ̀ náà tó ìdí láti yà.

Òkè Ṣábẹ̀ẹ́ á kọ́kọ́ tàn yín jẹ. Tí ẹ bá rí àwọn àpáta yẹn lókèèrè, ẹsẹ̀ á ti máa gbọ̀n. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ àpáta ni ọ̀nà gbà, kò gun orí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ìdáàṣà, pẹ̀lú òkè mọ́kànlélógójì tí wọ́n máa ń kà fún un. Ohun tó ń jẹ ẹsẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ yẹn ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kéékèèké tí ojú ò kà sí. Ẹ sọ̀ síbi odò kan, ẹ gòkè mítà 20, ẹ tún sọ̀. Tí irú rẹ̀ bá tó ogójì lójúmọ́, mítà 800 lẹ ti gùn yẹn láìrí òkè kankan. Ní Kpalimé ọ̀rọ̀ yí padà: níbẹ̀, títì fúnra rẹ̀ ló ń gun òkè.

Ìdí nìyí tí kìlómítà 100 lójúmọ́ yín ò fi sọ nǹkan kan fún mi. Ẹ gba máàpù OsmAnd sórí fóònù nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì wà, ẹ fa ọ̀nà ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sórí rẹ̀, ẹ wo iye mítà tí ẹ máa gùn lápapọ̀. Ìṣirò tèmi fún ẹni tó di ẹrù ni pé kí ẹ pín kìlómítà sí 15, kí ẹ pín mítà ìgòkè sí 400, kí ẹ ro méjèèjì pọ̀. Iye wákàtí tí ẹsẹ̀ máa fi wà lórí pẹ́dà nìyẹn. Kìlómítà 100 tó ní ìgòkè mítà 1200 á gbà tó wákàtí mẹ́sàn-án àti ogójì ìṣẹ́jú. Ní oṣù Kejìlá, ilẹ̀ kì í mọ́ dáadáa kí aago méje tó lù, ó sì ti ń ṣú kí ó tó di aago méje alẹ́. Ẹ yọ aago méjìlá sí mẹ́ta ọ̀sán tí oòrùn ń jó kúrò, ẹ wò ó bóyá ó kù tó. Kò tó, a ò sì tíì ka táyà tó jò mọ́ ọn. Kìlómítà 60 sí 70 ni kí ẹ fi sí ilẹ̀ wa níhìn-ín. Láti Atakpamé sí Kpalimé, tó tó nǹkan bíi 105, ẹ fi ọjọ́ méjì rìn ín.

Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé mo ti jìyà rẹ̀. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ mú èèyàn lọ sí Kpalimé, kìlómítà nìkan ni mo kà. Aago méjì ọ̀sán la dé ẹsẹ̀ òkè, omi ti tán, ọ̀kan nínú wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá kan tó ń ta àkàrà la sùn mọ́jú, mi ò sì lè wojú ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ọyẹ́ máa ràn yín lọ́wọ́. Láti àríwá ìlà oòrùn ló ti ń fẹ́. Á kọjú sí yín díẹ̀ títí dé Ṣábẹ̀ẹ́, lórí ilẹ̀ tí kò le. Àmọ́ láti ìgbà tí ẹ bá ti yà sí Ìdáàṣà, ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ ló máa wà, àfi láti Notsé sí Atakpamé, níbi tí á ti tún kọjú sí yín díẹ̀. Ẹ fi aṣọ bo imú, ẹ fi òrí pa ètè. Omi lítà mẹ́rin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lówùúrọ̀, kí ẹ sì máa rọ ọ́ kún ní gbogbo abúlé, kódà tí ó bá ku ìdajì.

Kẹ̀kẹ́ ńkọ́? Èyí tí kò ní jíà lè dé Notsé, kò lè gun Agou. Irin eléyín tó kéré jù níwájú kò gbọdọ̀ ju eyín 26 lọ, èyí tó tóbi jù lẹ́yìn kí ó tó 32. Ẹrù yín kò gbọdọ̀ ju kílò 12 lọ láìka omi. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sórí kẹ́ríà ẹ̀yìn, torí lórí òkè, táyà iwájú á máa fò sókè. Tíúbù méjì, pọ́ǹpù, ohun èlò tí a fi ń já ṣéènì, sípóòkì mẹ́rin tó bá ríìmù yín mu. Ó tó.

Fún bodè, ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ àti ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Sẹ́fà kan náà ni wọ́n ń ná níbẹ̀, ṣùgbọ́n aago Tógò fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa. Ẹ yí ọwọ́ aago padà, torí oòrùn á tètè yọ, á sì tètè wọ̀. Tí ẹ bá dé ọjà Atakpamé, ẹ tẹ́tí: àwọn Ifẹ̀ ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Àná, ẹ̀ka èdè wa ni wọ́n ń sọ.

Ní Kpalimé, ẹ sinmi ọjọ́ kan, kí ẹ fi ẹrù sílẹ̀ níbi tí ẹ sùn, ẹ sì dìde gun Agou láàárọ̀ kùtù. Ó lé ní mítà 700 láti ìsàlẹ̀. Nígbà ìsọ̀kalẹ̀, ẹ má di bíréèkì mú láìtú u sílẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ tú u, kí ẹ máa dúró lóòrèkóòrè, kí ẹ sì fọwọ́ kan ríìmù. Tí ó bá ń jó yín lọ́wọ́, ẹ jókòó títí yóò fi tutù.