Kí ni ìtumọ̀ àṣà “táàgì tó bá wù ọ́” lórí OpenStreetMap?

Ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ yìí sọ pé lórí OpenStreetMap, máàpù ayé tí ẹnikẹ́ni lè ṣàtúnṣe, òun kọ táàgì highway=tertiary (ọ̀nà tó so abúlé àti ìlú kéékèèké pọ̀) sí ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ kan tó gba àárín abúlé mélòó kan kọjá kó tó já sí ìlú, pé ẹlòmíràn tí kò dé ibẹ̀ rí yí i padà sí highway=track (ọ̀nà oko). Ó wá béèrè ohun tí àṣà “táàgì tó bá wù ọ́” túmọ̀ sí nígbà náà, ó sì tún fẹ́ mọ bí a ṣe ń kọ ọjọ́ ọjà abúlé sórí máàpù. Ẹ kú ìbéèrè.

Òmìnira láti bẹ̀rẹ̀ ni òmìnira tí àṣà yẹn ń sọ. Nígbà tí Steve Coast dá OpenStreetMap sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2004, wọn kò kọ́kọ́ jókòó ṣe òfin tó to gbogbo ohun tó wà láyé lẹ́sẹẹsẹ, nítorí kò sí ẹni tó lè mọ ohun tí ará Ṣakí tàbí ará Bahia ní Brazil yóò fẹ́ fi sórí máàpù lọ́jọ́ iwájú. Táàgì kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ pẹ̀lú àmì ìdọ́gba láàárín wọn, bí amenity=marketplace tó ń sọ pé ọjà nìyí. Bí ẹ bá rí ohun tí kò tíì ní táàgì, ẹ lè fún un ní ọ̀kan láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n táàgì tí ẹnì kan ṣoṣo ń lò kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́: ẹ̀rọ atọ́nà kò mọ̀ ọ́n kà, ẹni tó sì ń tẹ máàpù jáde kò mọ àwọ̀ tí yóò fi kùn ún. Ìlò ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ẹnikẹ́ni sì lè wo iye ìgbà tí wọ́n ti lo táàgì kọ̀ọ̀kan lórí Taginfo, ìkànnì tó ń ka táàgì.

Ẹni tó bá fẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn tẹ́wọ́ gba táàgì tuntun lè kọ àbá rẹ̀ sórí Wiki, ìkànnì tí a ń kọ àlàyé táàgì sí, kí ó fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán kí àwọn ènìyàn sọ tẹnu wọn, kí wọ́n sì tún fi ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán dìbò. Wọ́n máa ń retí pé kí ó kéré tán ẹni 8 fara mọ́ ọn, kí àwọn tó fara mọ́ ọn sì tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í mú, nítorí ìbò náà kì í di òfin. Kò lè fipá mú ẹnikẹ́ni, kò sì fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti máa pa táàgì àtijọ́ rẹ́ káàkiri ayé. Ìlànà wà pé kí ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀rọ yí ohun púpọ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà kọ́kọ́ bá àwùjọ sọ ọ́. Fún àpẹẹrẹ, highway=footway (ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀) ti wà nílẹ̀ kí highway=path (ipa ọ̀nà lásán) tó dé, àwọn méjèèjì ló ṣì wà títí dòní, àríyànjiyàn lórí wọn kò sì tíì tán. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá jọ wò, gígún ní í gún. Àǹfààní ìbò náà ni pé ó ń jẹ́ ká jọ wo nǹkan fínnífínní, ká sì kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́nà tí ẹni tí kò sí níbẹ̀ yóò fi lóye. Lójú tèmi, ìtumọ̀ tí a kọ sílẹ̀ yẹn níye lórí ju iye ìbò lọ.

Ìtumọ̀ yìí gan-an ló dá ọ̀rọ̀ ọ̀nà yín sílẹ̀. Iṣẹ́ tí ọ̀nà ń ṣe fún ìlú àti abúlé ni highway ń sọ, láti orí motorway àti trunk, àwọn ọ̀nà tó ṣe pàtàkì jù, títí dé tertiary àti unclassified, àwọn ọ̀nà kéékèèké. Ohun tí a fi ṣe ojú ọ̀nà náà, táàgì mìíràn, surface, ló ń sọ ọ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti to àwọn ìpele yìí, níbi tí ọ̀dà ti bo ọ̀nà tó so ìletò pọ̀ mọ́ ìlú, nítorí náà ó rọrùn fún ẹni tó ń wo àwòrán sátẹ́láìtì láti òkèèrè láti rí erùpẹ̀ pupa kí ó sì rò pé ọ̀nà oko lásán ni, èyí tí track wà fún. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ atọ́nà ni kì í darí ọkọ̀ gba orí track, nípa bẹ́ẹ̀ abúlé tí ọkọ̀ ń ná lójoojúmọ́ yóò dà bí ibi tí ọkọ̀ kò lè dé. Ẹ̀yin lẹ jàre. Ẹ dá tertiary padà, ẹ fi surface=unpaved (ọ̀nà tí a kò da ọ̀dà sí) kún un, bí òjò bá sì máa ń ba ọ̀nà náà jẹ́, smoothness, táàgì tó ń sọ bí ojú ọ̀nà ṣe tẹ́jú tó, wà fún ìyẹn. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé Trunk A, B àti C ti ìjọba Nàìjíríà ń sọ ẹni tó ni ọ̀nà, ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ tàbí ìbílẹ̀; ẹ má fi wọ́n pinnu ọ̀nà tí ẹ ó kọ highway=trunk sí.

Kí ẹ tó yí i padà, ẹ kọ̀wé sí ẹni náà lábẹ́ àtúnṣe tó ṣe, ẹ sọ ohun tí ẹ fojú rí níbẹ̀. Láàárín wa, ohun tí ènìyàn bá rí lórí ilẹ̀ ló ń borí, ọ̀pọ̀ sì máa ń gbà bí a bá fi ohùn pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé.

Ti ọjọ́ ọjà le jù, nítorí a kò tíì fẹnu kò lórí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje ni opening_hours, táàgì tó ń sọ ìgbà tí ibi kan máa ń ṣí, dúró lé, ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin sì ni ọjà ọrọọrún ń yí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ń kà á sí márùn-ún nítorí pé a ń ka ọjọ́ ọjà tó kọjá mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ná an lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ni yóò tún bọ́ sí, lẹ́yìn náà ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹni tó bá kọ Mo (ìkékúrú Monday) síbẹ̀ ti ṣi àwọn oníbàárà lọ́nà, nítorí nínú ọjọ́ Ajé mẹ́rin, ẹyọ kan ṣoṣo ni ọjà yóò bá mu. Fún ìsinsìnyí, ẹ fi opening_hours sílẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sí description, táàgì àlàyé, ní ọ̀rọ̀ tó yé ènìyàn. Ó wù mí gidigidi pé kí àwa àti àwọn Ìgbò, tí ọjà tiwọn náà ń yí ní ọjọ́ mẹ́rin, jọ gbé àbá kan kalẹ̀ tí yóò ní ọjọ́ kan pàtó tí a mọ̀ dájú pé wọ́n ná ọjà náà, iye ọjọ́ tó wà láàárín ọjà kan sí èkejì, àti bóyá ọjà òwúrọ̀ tàbí ọjà alẹ́ ni.