Fótò fírídọ̀mù ló jẹ́ kí wọ́n pè mí

Àbúrò mi tó wà l'Óǹdó, o ní wọ́n ń gba pọ́tífólíò, ìyẹn àkójọ iṣẹ́ ayafótò, fótò 15 àti ọ̀rọ̀ bíi 200 nípa iṣẹ́ ẹ, pé àwọn jọ́jì á wá mú èèyàn díẹ̀ nínú gbogbo yín, kálukú á sì fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sọ̀rọ̀ lórí fótò ẹ̀ níwájú èrò, o wá ń bèèrè bóyá kó o kàn ṣa 15 tó rẹwà jù lọ́wọ́ ẹ ni. Má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ojú mi rí nǹkan.

Ìgbà yẹn mo ti ń ya ìgbéyàwó àti ọjọ́ ìbí l'Ákùrẹ́ fún bí ọdún mẹ́fà, ọwọ́ mi ti mọ́ kámẹ́rà dáadáa. Ni mo bá kó wọn jọ: ìyàwó kan tó dúró sídìí wíńdò n'Íjàpọ̀, òkè Ìdànrè tí kùrukùru bò, onílù kan níwájú ààfin Déjì, bàbá arúgbó tí ojú ẹ̀ hun jọ, ọmọdé nínú òjò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, tó o bá gbé e sórí Facebook àwọn èèyàn á máa pariwo. Wọn ò mú mi. Ọ̀kan nínú àwọn jọ́jì ṣàánú mi, ó kọ ìlà kan sí mi pé fótò mi dáa àmọ́ òun ò rí ohun tí mo fẹ́ wá sọ. Inú bí mi gan-an. Ìgbà tí inú mi rọ̀ ni mo tún gbé gbogbo ẹ̀ wò, mo wá bi ara mi pé tí wọ́n bá gbé máíkì fún mi báyìí, kí ni mo máa sọ tó máa so ìyàwó Ìjàpọ̀ pọ̀ mọ́ onílù ààfin? Mi ò rí nǹkan kan.

Ohun tí ò yé mi nígbà yẹn ni pé tó bá jẹ́ fótò tí wọ́n fẹ́ gbé kọ́ ara ògiri ni wọ́n ń wá, fótò kan tó dáa lè gbé ẹ wọlé. Èyí tó o máa wá sọ̀rọ̀ lé lórí yìí, wọ́n ń wò ó bóyá ọ̀rọ̀ wà níkùn ẹ. Wo J.D. 'Okhai Ojeikere, ayafótò ọmọ Nàìjíríà, irun orí àwọn obìnrin Nàìjíríà ló bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní 1968, dúdú àti funfun, ẹ̀yìn orí ló pọ̀ jù nínú wọn, ó sì wà lórí ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Irun lásán ni o, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa wò ó tí ò ní mọ ohun tó ń lé.

Èmi wá padà sílé. Télọ̀ ni màmá mi, abẹ́ tábìlì tí wọ́n ti ń gé aṣọ ni mo dàgbà sí, mo sì ti ya fótò fírídọ̀mù fún àwọn ọmọ iṣẹ́ tí mi ò lè ka iye ẹ̀, àmọ́ kéèkì àti ijó ni mo máa ń yà torí ìyẹn ni wọ́n sanwó fún. Ìgbà tí mo wá tẹ̀ lé e tọkàntọkàn, láwọn ṣọ́ọ̀bù l'Árákàlẹ̀ àti l'Óǹdó lọ́hùn-ún, nǹkan kan wà tó jẹ́ pé ojú mi ti ń fò ó láti ọjọ́ yìí. Ọmọ yẹn á kúnlẹ̀ sórí ẹní, ọ̀gá ẹ̀ á gbé sísọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́ méjèèjì, kò sì ní tètè jù ú sílẹ̀, àwọn méjèèjì á jọ di sísọ́ọ̀sì yẹn mú títí àdúrà á fi parí. Mo sún mọ́ ọn débi pé ọwọ́ mẹ́rin nìkan ló wà nínú fótò náà, àpá abẹ́rẹ́ lórí ìka ọ̀gá, lálì tuntun lórí èékánná ọmọ. Fótò yẹn ni mo gbé síwájú.

Bó o ṣe máa ṣà á nìyí. Má ṣà á lórí fóònù. Mo lọ tẹ nǹkan bí 60 jáde ní 4x6, kò wọ́n, mo tẹ́ wọn sílẹ̀ ní pálọ̀, mo fi wọ́n síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, tí mo bá ti ń kọjá màá yí ọ̀kan padà, màá yọ ọ̀kan. Fótò kan wà tí ọmọ kan ń jó tí wọ́n ń ná owó mọ́ ọn níwájú orí, ìmọ́lẹ̀ gba ojú wíńdò bọ́ sí i léjìká, nínú gbogbo fótò tí mo yà lọ́dún yẹn kò sí èyí tó dáa tó o. Mo yọ ọ́. Ó dùn mí, àmọ́ òde àríyá èyíkéyìí lèèyàn ti lè ya ìyẹn, ẹni tó bá sì ti rí i á gbàgbé sísọ́ọ̀sì. Àpótí ìjókòó kan tó ṣófo nídìí máṣíìnì, tí mo yà lọ́jọ́ kejì fírídọ̀mù, ni mo fi rọ́pò ẹ̀. Tí wọn ò bá ní dandan ni kó pé 15, tí 12 bá ti sọ̀rọ̀ tán, fi 12 ránṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ 200 yẹn, gírámà ni mo kọ́kọ́ fi kún un, mo pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Mo wá fi fóònù gba ohùn ara mi sílẹ̀, mo ń fi Yorùbá ṣàlàyé fún àbúrò mi mìíì lórí WhatsApp bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé nǹkan fún un, lẹ́yìn náà ni mo kọ ọ́ jáde tí mo sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì. Ìlà àkọ́kọ́, ohun téèyàn lè fojú rí ni kó o fi bẹ̀rẹ̀.

Àwọn nǹkan yòókù ò le, àmọ́ wọ́n lè bà á jẹ́. Fáìlì tó bá ti inú kámẹ́rà 24 megapixel jáde máa ń tó píksẹ́lì 6000 sí 4000, ó ti tóbi jù, ka ohun tí wọ́n béèrè kó o sì dín in kù sí i, fi í pa mọ́ ní JPEG, kí àwọ̀ ẹ̀ jẹ́ sRGB, ìyẹn ètò àwọ̀ tí ọ̀pọ̀ fóònù àti kọ̀ǹpútà ń lò, torí tó bá jẹ́ Adobe RGB ni, àwọ̀ ẹ̀ lè ṣá lójú ẹlòmíì. Yọ lógò tá a máa ń fi sára fótò ìgbéyàwó. Láptọ́ọ̀pù mi mọ́lẹ̀ jù nígbà kan, mi ò mọ̀ pé gbogbo fótò mi ti ṣókùnkùn, fi fóònù méjì mìíì wò ó. Gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó o yà, bàbá ọmọ kan ní òun ò fẹ́, mo yọ ọ́ láìjiyàn. Tí wọ́n bá sì kọ aago GMT, aago tiwa fi wákàtí kan ṣíwájú ẹ̀, má kàn dúró dọjọ́ tó máa parí rárá, iná lè lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè kọ̀, fi ọjọ́ méjì ṣáájú.

Kó o tó fi ránṣẹ́, sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Fótò 15 nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìṣẹ́jú-àáyá 40 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iwájú màmá mi ni mo ti sọ tèmi, wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ọmọ nìkan lò ń sọ, ọ̀gá ńkọ́? Ṣé o mọ bí ṣọ́ọ̀bù ṣe máa ń dákẹ́ lọ́jọ́ kejì?" Mo jókòó síbẹ̀, mi ò lè dáhùn. Fótò àpótí tó ṣófo yẹn ti wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀ o, èmi tí mo yà á ni mi ò mọ ohun tó ń sọ. Mo tún ọ̀rọ̀ mi kọ látorí ọ̀gá, òun ni mo fi ránṣẹ́, òun ni wọ́n fi pè mí.

Tó o bá ti tẹ tìẹ jáde, kó wọn wá bá mi l'Ákùrẹ́ ní Sátidé, ká jọ tẹ́ wọn sílẹ̀. Fi láptọ́ọ̀pù sílé.