Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé Pásítọ̀ Gbọ́dọ̀ Gba Ìwé Àṣẹ Kó Tó Sọ̀rọ̀ Òṣèlú?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, agbẹjọ́rò wa. Pásítọ̀ ìjọ kékeré kan ni mí ní Kétu, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ níbí. Níbi ìsìnkú kan, mo sọ pé ó ti pẹ́ jù tí ẹ̀rọ omi àdúgbò wa ti bàjẹ́, pé kí àwọn tí a dìbò fún wá wò ó. Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin kan wá bá mi nílé. Ó ní ìlú wa kì í ṣe ìlú ẹ̀sìn, pé pásítọ̀ kò lè sọ̀rọ̀ òṣèlú láìgba ìwé àṣẹ. Ó ní òun á bá mi gbà á ní 40,000 sẹ́fà. Mo ti san ìdajì. Ṣé ìwé náà á tó, àbí ọdọọdún ni n óò máa sọ ọ́ di tuntun?

ÌDÁHÙN: Pásítọ̀, ẹ má san ìdajì tó kù. Kò sí ìwé tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí lọ́dọ̀ mẹ́ẹ̀rì, kò sí lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá, kò sí nílé ẹjọ́ kankan láti Kútọnu títí dé Malanville.

Irú ìbéèrè yìí ti ń pọ̀ jù lọ́wọ́ mi. Ìyá kan tó jẹ́ ajíhìnrere mú ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà wá bá mi ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí. Ewé ìwé kan ṣoṣo ni, wọ́n fi ọ̀rá dì í bíi káàdì. Òǹtẹ̀ rẹ̀ rí roboto bíi ti ìjọba, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e súnmọ́ fèrèsé, n kò rí orúkọ ilé iṣẹ́ kankan nínú rẹ̀, àfi ìràwọ̀ méjì àti ọ̀rọ̀ «République» tí lẹ́tà kan ti jábọ́ nínú rẹ̀. Nọ́ńbà òfin kankan kò sí lórí rẹ̀. Gaàrí ni ìyá náà ń tà. Owó ọjà rẹ̀ ló kó fún wọn. Inú bí mi lọ́jọ́ náà, ó ṣì ń bí mi di òní.

Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí wọ́n rí yín mú ju ìwé náà lọ. Ẹ ti gbà lọ́kàn yín pé laïcité, ìyẹn pé ìjọba kò ní ẹ̀sìn, túmọ̀ sí pé kí pásítọ̀ pa ẹnu mọ́. Irọ́ gbáà ni. Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí èyí.

Òfin ìpìlẹ̀ wa, ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990, sọ ní abala 2 pé Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ jẹ́ ọ̀kan tí kò ṣeé pín, pé ó jẹ́ laïque, pé ìjọba àwa-ara-wa ni. Ta ni gbólóhùn yẹn ń bá wí? Orílẹ̀-èdè ni. Ìjọba ni kò gbọdọ̀ lẹ́sìn. Ìjọba ni kò gbọdọ̀ gbè sẹ́yìn onígbàgbọ́ kó fi ni mùsùlùmí lára, tàbí kó gbè sẹ́yìn àwọn méjèèjì kó fi ni oníṣẹ̀ṣe lára. Ọwọ́ ìjọba ni okùn yẹn wà. Wọn kò so ó mọ́ ẹnu oníwàásù.

Abala tó kan ẹnu yín ni abala 23. Ó fún olúkúlùkù ènìyàn ní òmìnira èrò, ti ẹ̀rí ọkàn, ti ẹ̀sìn, ti ìjọsìn, àti òmìnira láti ní ìmọ̀ràn tirẹ̀ kó sì sọ ọ́ jáde, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti da ìlú rú lójú òfin. Olúkúlùkù ènìyàn ló wí. Kò yọ àlùfáà sílẹ̀, kò yọ ìmáàmù sílẹ̀, kò yọ babaláwo sílẹ̀. Abala 26 tún fi kún un pé ọgbọọgba ni gbogbo wa níwájú òfin, láìwo ẹ̀sìn, láìwo èrò òṣèlú.

Mo mọ gbólóhùn tí wọ́n máa fà yọ fún yín. Abala 23 náà sọ pé kí ìjọsìn àti ìkéde ìgbàgbọ́ bọ̀wọ̀ fún laïcité. Òótọ́ ni. Bí èmi ṣe lóye rẹ̀, ẹ kò lè ní kí ìjọba sọ ẹ̀sìn yín di ẹ̀sìn gbogbo ìlú. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ̀rọ omi tó bàjẹ́ fi jọ ìgbàgbọ́? Ará Kétu tó ń pọnmi ni yín kí ẹ tó di pásítọ̀, ìyasímímọ́ yín kò sì gba ìyẹn lọ́wọ́ yín. Nígbà tí wọ́n de Pọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ láti nà án, ohun tó bi balógun ọ̀rún ni bóyá ó tọ́ kí wọ́n na ará Róòmù tí wọn kò tíì dá lẹ́jọ́. Àpọ́sítélì ni, síbẹ̀ ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú ló dì mú. Ó wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 22.

Kí ni ká ti wá sọ ti 1990? Láti ọjọ́ 19 sí ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún náà, nígbà tí gbogbo orílẹ̀-èdè péjọ sí hòtẹ́ẹ̀lì PLM Alédjo ní Kútọnu láti wá ọ̀nà àbáyọ, bíṣọ́ọ̀bù ló wà nípò alága, Mgr Isidore de Souza. Lẹ́yìn àpérò náà, òun kan náà ló darí Ìgbìmọ̀ Gíga Orílẹ̀-èdè Olómìnira títí àkókò ìyípadà sí ìjọba àwa-ara-wa fi parí. Ní àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n kọ òfin ìpìlẹ̀ tí a ń sọ yìí, tí àwọn ará ìlú sì dìbò fọwọ́ sí i. Bó bá jẹ́ pé laïcité ni kí òjíṣẹ́ Ọlọ́run má dá sí ọ̀rọ̀ ìlú, àwọn tó kọ ọ́ sílẹ̀ ì bá ti kọ́kọ́ lé alága tiwọn jáde.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra rèé. Ẹ yàtọ̀ sí ìjọ yín. Òfin ìdìbò wa kò gbà kí ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti òṣèlú ti olùdíje kan lẹ́yìn, tàbí kó ní kí àwọn ènìyàn rẹ̀ dìbò fún Lágbájá; ẹgbẹ́ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè pàdánù ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi òǹtẹ̀ ìjọ tàbí owó ọrẹ ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ẹ má kéde olùdíje lórí pẹpẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró níwájú Àkàbà Ìdènà, ẹnu bodè àtijọ́ Kétu yín, tàbí tí ẹ lọ sí rédíò, tí ẹ sọ ohun tó wà lọ́kàn yín lórúkọ ara yín, ẹ̀tọ́ yín ni.

Fídíò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ káàkiri, pé ìjọ tó bá dá sí òṣèlú á bẹ̀rẹ̀ sí í san owó orí, òfin Amẹ́ríkà ló ń sọ, èyí tí Sẹ́nátọ̀ Lyndon Johnson mú wá ní 1954. Kò kàn wá. Níbẹ̀ pàápàá, ẹgbẹ́ ló dè, kò de pásítọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìlú.

Òfin inú ilé ìjọ tún yàtọ̀. Ìjọ Kátólíìkì kò gbà kí fádà ṣe aṣáájú nínú ẹgbẹ́ òṣèlú láìjẹ́ pé àwọn aláṣẹ ìjọ rí i pé ó pọn dandan. Ẹ ka ìwé òfin ìjọ tiyín. Ìyà tí ìjọ bá fi jẹ yín lórí ìyẹn, ọ̀rọ̀ inú ilé ni, ọlọ́pàá kò sí níbẹ̀.

Ẹ ṣọ́ ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ yín pẹ̀lú. Òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 2018, tí a ń pè ní Code du numérique, ń fi ẹ̀wọ̀n jẹ ẹni tó bá gbé irọ́ nípa ẹlòmíràn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, títí kan ẹni tó kàn fi ránṣẹ́ síwájú. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀rọ omi náà, ẹ sọ pé ó ti bàjẹ́. Ẹ má sọ pé ẹnì kan jẹ owó rẹ̀, àfi tí ẹ̀rí bá wà lọ́wọ́ yín.

N kò tíì rí ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìjọ yín, mi ò sì gbọ́ ohun tí ẹ sọ níbi ìsìnkú náà látẹnu yín, nítorí náà ẹ má fi èyí ṣe ìdájọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí yín, ẹ má fọwọ́ sí nǹkan kan kí ẹ tó rí agbẹjọ́rò.

Ní ti ọkùnrin yẹn, ẹ má bá a jà, ẹ má sì pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́. Bó bá jẹ́ pé orí fóònù ni ẹ ti fi owó ránṣẹ́, ẹ tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́ tó jẹ́rìí sí i. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá Kétu láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹ sì mú ẹni tó wà nílé lọ́jọ́ tó wá gba owó dání.